Ohùn Abẹ Ògúndípẹ̀

"Ìyá ẹlẹ́rọ! Ẹ pa nǹkan yìí fún mi o! Mo ní kí ẹ pa á!"

Ìgbà kẹta nìyí tí Ògúndípẹ̀ onígbàjámọ̀ máa pariwo bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ oòrùn ò tíì yọ lẹ́yìn òkè tán. Abẹ wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ìhó ọṣẹ wà lẹ́rẹ̀kẹ́ oníbàárà, ẹ̀rọ ìlọta tó wà ní ìsọ̀ kejì sì ń lu gbàgbàgbà bí ẹni pé òrùlé fẹ́ já. Kùdírátù, obìnrin tó ni ẹ̀rọ náà, yọ orí sí ẹnu ọ̀nà. Ata ti pọ́n ọn lọ́wọ́ dé ìgúnpá.

"Kí lẹ wí, Bàbá?"

"Mo ní kí ẹ pa á!"

"Ata ìyàwó tíṣà ló wà lẹ́nu ẹ̀, kò tíì kúnná!"

Ó rẹ́rìn-ín, ó pa dà wọlé. Ògúndípẹ̀ wo abẹ, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń dúró dè é, ó wá pòṣé tó gùn títí. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ fá irùngbọ̀n nígbà tí kò gbọ́ ohun tí abẹ ń wí?

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè rò pé ó ń ṣe àṣejù. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Òkè Ìdànrè ni wọ́n ti bí i, nígbà tí gbogbo ìlú ṣì wà lórí òkè, ó sì wà lára àwọn ọ̀dọ́ tó ru igbá àti ìkòkò àwọn àgbà sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kó wá sí ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò bá wọn gbin kòkó. Ó gba Oǹdó lọ, ó lọ kọ́ṣẹ́ gbàjámọ̀ lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dúrójaiyé, tó ní abẹ òyìnbó márùn-ún, irú èyí tó máa ń pa dé sínú èèkù rẹ̀.

Dúrójaiyé kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ fọwọ́ kan abẹ ní ọdún àkọ́kọ́. Ohun tó máa ń ṣe ni pé á ní kí Ògúndípẹ̀ kọjú sí ògiri, òun á wá bẹ̀rẹ̀ sí í nu abẹ lórí awọ tó so mọ́ òpó. "Sọ fún mi ìgbà tó bá ti mú," ni á wí. Bí Ògúndípẹ̀ bá yára sọ ọ́, á gbá a létí. Bí ó bá pẹ́ kó tó sọ ọ́, á gbá a ní èkejì. Bí Ògúndípẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ó kọ́ pé lórí òkúta tí a ta epo sí, abẹ a máa dún sùú, sùú, ohùn kan náà láti orí dé ìdí, àfi bí ẹnu rẹ̀ bá ní ibi tó ti jẹ, nígbà náà ni á máa ha kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀ bó bá ti dé ibẹ̀. Lórí awọ, ohùn rẹ̀ á kọ́kọ́ wúwo: pàá, fùú, pàá, fùú. Bó bá ṣe ń mú sí i ni ohùn náà á máa tín-ín-rín, títí á fi di fíín, bí ẹ̀fọn tó gba ẹ̀gbẹ́ etí kọjá. Níbẹ̀ ni kí o ti dáwọ́ dúró. Bí o bá tún nu ún ju bẹ́ẹ̀ lọ, o ti ń bà á jẹ́ nìyẹn.

Tó bá wá dé orí ara èèyàn, ohùn mìíràn ni. Orí ọmọ tuntun kì í dún ju fẹ́ẹ́ lọ. Irùngbọ̀n àgbàlagbà a máa dún ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́ bí ìgbà tí iná ń jẹ koríko gbígbẹ lọ́ọ̀ọ́kán. Àmọ́ tí abẹ bá dún ráú lẹ́rẹ̀kẹ́, kí o yára gbé e kúrò, nítorí ẹ̀jẹ̀ ló kù.

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Ògúndípẹ̀ fi ṣiṣẹ́ yìí ní ìsọ̀ rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ní Ìdànrè, láìgé ẹnikẹ́ni ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ẹ̀ẹ̀kíní, oníbàárà sín. Ẹ̀ẹ̀kejì, ewúrẹ́ wọ abẹ́ àga.

Ìgbà tí wọ́n ń ká kòkó lọ́dún 1955 ni Kùdírátù dé. Ará Ìsẹ́yìn ni òun àti ọkọ rẹ̀. Ọkọ ń bá àwọn onílẹ̀ tọ́jú oko kòkó ní Atosin, ìyàwó sì gba ìsọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ògúndípẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ sí i. Inú àwọn obìnrin àdúgbò dùn débi pé wọ́n ń jó. Ta ló tún fẹ́ kúnlẹ̀ síwájú ọlọ nígbà tí ẹ̀rọ lè lọ ata ọ̀sẹ̀ kan kí ènìyàn tó kí ìyá oníyá tán? Moríyọ̀, ìyàwó Ògúndípẹ̀ fúnra rẹ̀, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé igbá ata lọ.

"Ìwọ náà?" ni Ògúndípẹ̀ bi í.

"Eékún mi ló ń dùn mí, Bàbá Túnráyọ̀. Ṣé kí n máa fi eékún lọ ata nítorí abẹ yín ni?"

Láti ọjọ́ náà ni ayé ti sú Ògúndípẹ̀. Bí ó bá gbé abẹ sórí awọ, gbàgbàgbà ló ń gbọ́. Bí ó bá gbé e sórí òkúta, gbàgbàgbà náà ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n abẹ pẹ̀lú ìméfò. Ìgbà mìíràn á pọ́n ọn kọjá ààlà, ìgbà mìíràn á dá a dúró láìtó. Àwọn lébìrà tó ń wá láti oko ní ọjọ́ ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í di àga mú bí ẹni tó wọ mọ́tò lórí ọ̀nà gbágungbàgun. Ọ̀kan nínú wọn dìde lágbede méjì, ó ní ẹ̀gbẹ́ kan tó ti fá tó òun, òun ń lọ. Ó sì lọ bẹ́ẹ̀, ìhó ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀ kejì.

Èyí tó wá burú jù ni ti Bàbá Benedict. Katikíìsì ìjọ Àgùdà ni, àgbàlagbà tó rọra ń sọ̀rọ̀, tó jẹ́ pé irùngbọ̀n rẹ̀ le bí ìgbálẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé kan, Ògúndípẹ̀ ń fá a lábẹ́ àgbọ̀n, ẹ̀rọ sì ń ké. Abẹ ti ní láti dún ráú, ṣùgbọ́n ta ló gbọ́ ọ? Ẹ̀jẹ̀ yọ, ó ro sórí kọ́là funfun.

Bàbá Benedict fi ìka kàn án, ó wò ó. "Ògúndípẹ̀," ló wí, "ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń jókòó sórí àga yìí. Ẹ̀jẹ̀ mi ò tíì fojú kan ìsọ̀ yìí rí."

Kò bínú. Ì bá bínú, ì bá sàn. Ògúndípẹ̀ fi álọ́ọ̀mù tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró pa ojú ọgbẹ́ náà, ó bẹ̀ ẹ́ títí ahọ́n rẹ̀ fi gbẹ. Bí bàbá náà ṣe jáde ni òun náà jáde. Kò ya ibì kankan, ilé olórí àdúgbò ló gbà lọ tààrà, ó ní òun fẹ́ pe ẹjọ́.

Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà lábẹ́ igi níwájú ilé olórí àdúgbò. Èèyàn pọ̀ níbẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ògúndípẹ̀ ro ẹjọ́ tirẹ̀ títí òógùn fi bò ó. Wọ́n ní kí Kùdírátù fèsì. Ó kúnlẹ̀, ó kí gbogbo wọn tán, ó wá ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń fi etí fá irun?"

Ẹ̀rín sọ. Kódà olórí àdúgbò fi ìrùkẹ̀rẹ̀ bo ẹnu. Ara Ògúndípẹ̀ gbóná bí ẹni tó ní ibà. Ó fa abẹ yọ lápò, ó fa awọ yọ, ó ní kí ọkùnrin kan bá òun di orí awọ mú.

"Ẹ fetí sílẹ̀! Ẹ dákẹ́ ẹ̀rín, kí ẹ fetí sílẹ̀!"

Ó ń nu abẹ, ó ń sọ̀rọ̀ lọ: ó ní ẹ gbọ́ bó ṣe wúwo, ó ní ẹ gbọ́ bó ṣe ń tín-ín-rín, ó ní èwo nínú èyí ni ẹ̀rọ lè jẹ́ kí òun gbọ́? Àwọn àgbà tẹ orí sí iwájú, wọ́n ń mi orí, wọ́n ní àwọn gbọ́ ọ lóòótọ́. Òun fúnra rẹ̀ kò fetí sí i, ẹjọ́ ló ń rò.

Ìdájọ́ wọn ni pé láàárọ̀ Jímọ̀ àti láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, títí oòrùn yóò fi kan àtàrí, Kùdírátù kò gbọdọ̀ tan ẹ̀rọ. Ọjọ́ yòókù, kí Ògúndípẹ̀ fara dà á. Kùdírátù ní òun gbọ́, òun sì gbà. Ògúndípẹ̀ rìn lọ sílé bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jóyè.

Jímọ̀ àkọ́kọ́ dé. Ó tètè jí, ó gbálẹ̀ ìsọ̀, ó nu dígí, ó pọn omi. Ìsọ̀ kejì wà ní títì pa. Gbogbo àdúgbò dákẹ́ rọ́rọ́, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ fúnra rẹ̀. Ó so awọ mọ́ òpó, ó ṣí abẹ tó dára jù nínú abẹ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Kò gbọ́ nǹkan kan.

Kì í ṣe pé kò gbọ́ rárá. Ó gbọ́ pàá, pàá, níbi tí ẹ̀yìn abẹ ti ń kan awọ nígbà tó bá yí i. Ṣùgbọ́n fùú kò sí níbẹ̀. Ó nu ún títí ó mọ̀ pé ó ti yẹ kó di fíín. Fíín kò dé.

Awọ yìí ti gbó, ló wí. Ó tú u, ó gbé awọ mìíràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní Àkúrẹ́ síbẹ̀. Kò gbọ́. Ó ní ọ̀rinrin òwúrọ̀ ló mú awọ, ó gbé e sí oòrùn, ó dúró, ó tún gbìyànjú. Kò gbọ́. Ó ta epo sórí òkúta, ó fi abẹ lé e, ó tẹ etí mọ́ ọn débi pé epo kan án létí. Ó ní abẹ yìí ni wọ́n ti bà jẹ́ nínú, ó ṣí èkejì, ó ṣí ẹ̀kẹta. Ọ̀rọ̀ náà sú u pátápátá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu abẹ ní ìnukúnu, bí ẹni tó ń na awọ lẹ́gba.

Ẹ̀yìn ìsọ̀ ni Moríyọ̀ máa ń jókòó bó bá ń bó ẹ̀gúsí. Ó yọ lára ògiri, atẹ lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Túnráyọ̀, kí lẹ̀ ń fi abẹ yẹn ṣe? Ó ti mú láti àárọ̀! Ẹ ti fẹ́ nu ojú rẹ̀ dànù. Etí ń dùn mí níbi tí mo wà."

Ògúndípẹ̀ yí pa dà. "Kí lo gbọ́?"

"Abẹ ni. Kí ni ǹ bá tún gbọ́?"

"Láti ẹ̀yìn ilé?"

"Láti ẹ̀yìn ilé náà ni. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilé."

Ó wò ó. Moríyọ̀ náà wò ó, títí ó fi rí ẹ̀rù lójú ọkọ rẹ̀, ó wá gbé atẹ sílẹ̀.

"Háà," ló wí, jẹ́jẹ́. "Mo sọ fún yín lásìkò iṣu tuntun pé etí yín ti ń wúwo. Ẹ ní èmi ni mi ò la ẹnu sọ̀rọ̀."

"Etí mi ò wúwo! Ṣé kì í ṣe èmi ni mo ń gbọ́ ọ yìí?"

"Ẹ̀ ń gbọ́ mi. Ẹyẹ tó wà lórí igi yẹn ńkọ́?"

Ó gbé ojú sókè. Ẹyẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹyẹ kékeré méjì, ẹnu wọn ń ṣí, ó ń pa dé. Fún oṣù mélòó ló ti ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé ẹ̀rọ Kùdírátù ti lé àwọn ẹyẹ kúrò ní àdúgbò?

Ó lé Moríyọ̀ kúrò níwájú rẹ̀. Ó jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, ó ń dán etí ara rẹ̀ wò bí ẹni tó ń yẹ iṣu wò lọ́jà. Ó gbọ́ ìró odó. Ó gbọ́ akọ màlúù àwọn Hausa tó ń kọjá lọ. Ó gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì dáadáa. Ó mi páálí ìṣáná létí, kò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Ohun tó nípọn ló ń gbọ́, ohun tó tín-ín-rín ti lọ, kò sì mọ ọjọ́ tó lọ. Nígbà tí oòrùn sì kan àtàrí tí Kùdírátù dé tó tan ẹ̀rọ rẹ̀, ó gbọ́ ọ ketekete. Kò sí èyí tó pòórá nínú gbàgbàgbà rẹ̀. Ìyẹn ló wá bí i nínú jù lọ, débi pé ó gbé ike ọṣẹ, ó sọ ọ́ mọ́ ògiri.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kò ṣí ìsọ̀. Ó ní lákùrẹ́gbé ló mú òun. Àwọn aládùúgbò ń wá kí i, wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìdákẹ́jẹ́ àárọ̀ Jímọ̀. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ọmọ wa sùn títí." Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dúpẹ́ ló ń yí ojú sí ògiri. Ó rò ó pé kí òun lọ gbin kòkó ní Owena bí ọmọdé. Ó rò ó pé kí òun ra irú ẹ̀rọ ìfárí tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀, tó ń gé irun lásán, tí kò lè fá irùngbọ̀n. Ó ń ronú, ó ń pòṣé, Moríyọ̀ sì ń gbé oúnjẹ wá, ó ń gbé àwo òfìfo lọ.

Ọjọ́rú ni Bàbá Benedict ránṣẹ́. Sátidé ni ìgbéyàwó Agatha, ọmọ ọmọ rẹ̀, òun ló sì máa fà á wọ ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí bàbá ọmọ náà ti kú. Láàárọ̀ Jímọ̀, òun ń bọ̀ wá fá irùngbọ̀n, lákùrẹ́gbé tàbí kò sí lákùrẹ́gbé.

"Sọ fún un pé kó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn," ni Ògúndípẹ̀ wí.

"Ẹlòmíràn wo?" ni Moríyọ̀ wí. "Hausa tó ń lo abẹ aláìlẹ́nu yẹn? Ẹ gbọ́, Bàbá Túnráyọ̀. Èmi gbọ́ ọ. Èmi á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Nígbà tó bá dún bó ṣe yẹ kó dún, èmi á sọ fún yín."

"Ìwọ? Kí lo mọ̀ nípa abẹ?"

"Mi ò mọ nǹkan kan nípa abẹ. Mo mọ̀ pé tó bá ti di fíín báyìí, ẹ máa ń dáwọ́ dúró, ẹ á wúkọ́, ẹ á sì ní kí oníbàárà gbé àgbọ̀n sókè. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mo lè kà á lójú oorun."

Ògúndípẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n ó ní kò gbọdọ̀ la ẹnu níwájú Bàbá Benedict. Bí abẹ bá ti mú, kó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá gbọ́ pé abẹ fẹ́ gé bàbá náà, kó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá Benedict dé láàárọ̀ Jímọ̀, ó jókòó, ó wo Moríyọ̀ tó jókòó sórí àpótí lẹ́bàá òpó, atẹ ẹ̀gúsí lórí itan.

"Kí ni Ìyá Túnráyọ̀ ń ṣe níbí lónìí?"

"Ó ń gba atẹ́gùn," ni Ògúndípẹ̀ wí.

Ó pa ọṣẹ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́, ó so awọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu abẹ. Kò tíì nu ún ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ tí Moríyọ̀ wúkọ́. Ó yà á lẹ́nu pé ó yá tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó dáwọ́ dúró, ó gbé abẹ sẹ́rẹ̀kẹ́ bàbá. Abẹ gbá irun mú, ó fà á. Bàbá Benedict fò lórí àga.

"Yéè!"

"O wúkọ́!" ni Ògúndípẹ̀ kígbe sí ìyàwó rẹ̀.

"Èèpo ẹ̀gúsí ló kó sí mi lọ́fun! Ìyẹn kọ́ ni ikọ́ tí a jọ sọ!"

"Ikọ́ wo wá ni ikọ́ tí a jọ sọ? Ṣé ikọ́ ní orúkọ ni?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n wúkọ́! Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́nu, ẹ ní rárá!"

Bàbá Benedict gbé ọwọ́ sókè láàárín wọn, ìhó ọṣẹ ń kán sílẹ̀ láti àgbọ̀n rẹ̀. "Ẹ̀yin méjèèjì," ló wí, "ikọ́ wo lẹ̀ ń sọ lórí ọrùn mi?"

Ògúndípẹ̀ pa abẹ dé, ó ṣí i, ó tún pa á dé. Ó wá sọ ọ́. Ó sọ pé òun kò gbọ́ ohùn abẹ mọ́. Ó sọ pé kì í ṣe ẹ̀rọ ló fà á, tàbí bóyá kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan, òun kò mọ̀. Ó sọ pé nígbà tí òun fi gé e lábẹ́ àgbọ̀n, bóyá bí ẹ̀rọ dákẹ́ náà, òun ì bá gé e. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú, bí ẹni tó ń bá ẹlòmíràn jà, nítorí bí kò bá bínú, omi lè jáde lójú rẹ̀.

Bàbá Benedict tẹ ẹ̀yìn pa dà sórí àga.

"Kó máa sọ ọ́ lẹ́nu," ló wí. "Ọrùn mi ni. Mi ò fẹ́ ikọ́."

Moríyọ̀ gbé atẹ ẹ̀gúsí jìnnà. Ó fa àpótí súnmọ́ òpó. Ògúndípẹ̀ gbé abẹ sórí awọ.

"Ó wúwo," ni Moríyọ̀ wí. "Ó ṣì wúwo. Ó ń ṣe fùú. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ó ti ń ha díẹ̀ ní ìkángun. Ẹ̀hẹ́n. Ó ń tín-ín-rín. Kò tíì. Kò tíì. Mo ní kò tíì, kí ló dé tí ẹ dúró? Ó kù díẹ̀... Ó dé."

Ògúndípẹ̀ gbé e sẹ́rẹ̀kẹ́ bàbá. Ó fà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Kí ló wí?" ló bi í, lóhùn ìsàlẹ̀.

"Ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́," ni Moríyọ̀ wí. "Ó ń lọ geere. Bó ṣe máa ń dún lára Bàbá Katikíìsì náà ló ń dún."

Ó fá a báyẹn, díẹ̀díẹ̀, Moríyọ̀ sì ń sọ ọ́ fún un, bí ìgbà tí wọ́n bá ń ka lẹ́tà Túnráyọ̀ fún un láti Àkúrẹ́, tó jẹ́ pé kò lè ka ìwé ṣùgbọ́n ó mọ ohùn ọmọ rẹ̀ nínú ohun tí wọ́n ń kà. Níbi ọ̀nà ọ̀fun, Moríyọ̀ ní, "Ẹ dúró!" ó sì dúró. Irun méjì tó lọ́ pọ̀ ni. Ó yí abẹ, ó gba apá kejì. Nígbà tó parí, kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan, ojú Bàbá Benedict ń dán bí ìkarahun ìgbín tí òjò fọ̀. Bàbá náà wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó ní òun á rán oúnjẹ ìgbéyàwó sí Ìyá Túnráyọ̀. Kò sọ pé òun á rán sí Ògúndípẹ̀.

Ó ku ẹnì kan tó gbọdọ̀ gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ògúndípẹ̀ sá fún un fún ọjọ́ méjì, ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó wọ ìsọ̀ Kùdírátù lọ, ó fi ọwọ́ ṣe àmì pé kó pa ẹ̀rọ. Kùdírátù pa á, ó fọwọ́ nu aṣọ, ojú rẹ̀ ti le.

"Kí ni mo tún ṣe, Bàbá?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Mo wá sọ fún yín pé kí ẹ máa tan ẹ̀rọ yín ní Jímọ̀. Àti ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ̀rọ yín kọ́ ló ṣe mí. Etí mi ni."

Ó retí pé á rẹ́rìn-ín. Ó ti múra ìbínú sílẹ̀ de ẹ̀rín náà. Kùdírátù kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá," ló wí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣùgbọ́n mi ò ní tan án."

"Kí ló dé?"

"Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti pè mí lẹ́jọ́, alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mò ń lọ sí Atosin, mo máa ń jẹun lọ́dọ̀ ọkọ mi, màá sùn níbẹ̀, màá kírun òwúrọ̀ níbẹ̀ kí n tó máa bọ̀. Ọdún méjì tá a ti wà níbí, mi ò rí ọkùnrin yẹn jókòó rí àfi lẹ́yìn ẹjọ́ yín. Ẹ má bà á jẹ́ fún mi."

Ògúndípẹ̀ wá bẹ obìnrin yìí, ó kọ̀. Ó wá jẹ́wọ́, obìnrin náà kò fìyà kankan jẹ ẹ́. Irú àdúgbò wo rèé?

"Àti pé," ni Kùdírátù wí, "mo gbọ́ pé Ìyá Túnráyọ̀ ló ń gbọ́ abẹ fún yín báyìí. Tí ẹ̀rọ mi bá ń ké, ṣé òun á gbọ́ ọ?"

Kò tíì ro ìyẹn rárá. Ó pòṣé, ó yí pa dà, ó jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ló gbọ́ tí ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀, gbàgbàgbà, ketekete.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé Jímọ̀ àti ọjọ́ Ìsinmi ni àwọn tó fẹ́ fá irùngbọ̀n ń wá, tí wọ́n ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti ìdájí. Ọjọ́ yòókù, irun orí nìkan ni Ògúndípẹ̀ ń gé, sìsọ́ọ̀sì ló sì fi ń gé e. Nígbà tí Túnráyọ̀ wá ọdún Kérésì, ó mú bàbá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Àkúrẹ́. Dókítà náà lu irin ẹlẹ́ka méjì kan, ó gbé e sí i létí, ó bi í bóyá ó gbọ́ ọ. Ògúndípẹ̀ ní èwo ni òun máa gbọ́ lára irin tí kò mú. Dókítà ní ọjọ́ orí ni, kò sí oògùn fún un. Ó bínú wọ lọ́rì pa dà sílé, ó ní wọ́n fi ọjọ́ òun ṣòfò.

Moríyọ̀ ní tirẹ̀ kò ṣòro mọ́ láti rí. Ó ra àga tirẹ̀, èyí tó ní ẹ̀yìn. Kò bó ẹ̀gúsí níbẹ̀ mọ́. Ó ti le ju Dúrójaiyé lọ: bí abẹ bá ní ibi tó ti jẹ díẹ̀, á ní kí ọkọ òun gbé e pa dà sórí òkúta, kódà bí ìhó ọṣẹ ti ń gbẹ lẹ́rẹ̀kẹ́ oníbàárà.

"Ó ti mú," ni Ògúndípẹ̀ á wí. "Ìka mi sọ fún mi pé ó ti mú."

"Kò tíì."

"Moríyọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lo ti sọ bẹ́ẹ̀."

"Nítorí pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni kò tíì mú. Ẹ nu ún."

Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì á wo ilẹ̀, wọn ò ní dá sí i. Ògúndípẹ̀ á mí kanlẹ̀, á fi omi wọ́n ìhó ọṣẹ kó má gbẹ, á sì tún gbé abẹ lé awọ.